Ohun Tí Màmá Ọ̀jọ̀gbọ́n Bi Mí Nípa Ikú Ọba

Kí n tó kúrò ní Ìbàdàn, ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé ni mo ń dì. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni, ní Agbówó, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń sọdá títì láti ẹnu geètì yunifásítì pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekágbá wọn lábẹ́ apá. Màá gé etí ìwé náà kó dọ́gba, màá fi gọ́ọ̀mù lé e, màá wá fi lẹ́tà aláwọ̀ góòlù kọ orúkọ wọn sí i lẹ́yìn. Èmi fúnra mi, sẹ́kọ́ńdírì ni mo kà mọ. Gbogbo ìwé ìtàn tó gba ọwọ́ mi kọjá, èèpo wọn nìkan ni mo mọ̀. Ká ní ẹnì kan sọ fún mi nígbà náà pé màá jókòó sílé òǹkọ̀tàn kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí yóò máa bi mí léèrè ọ̀rọ̀, tí yóò sì máa gba ohùn mi sílẹ̀, ǹ bá bi í pé irú ọtí wo ló mu.

Ìlú tí mo wà yìí, kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù. Ó wà lókè pátápátá, lápá àríwá, ibi tí òjò ti máa ń rọ̀ bí ẹni pé ó ń gbowó oṣù lórí ẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe. Mo máa ń wẹ̀ fún wọn, mo máa ń wọṣọ fún wọn, mo máa ń fún wọn lóògùn, mo sì máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Lọ́dún àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló le jù. Mo bá sọ gbólóhùn kan, wọ́n á ní kí n tún un sọ. Mo bá tún un sọ, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á wojú ara wọn. Ó wá di ọjọ́ kan tí mo lọ ra búrẹ́dì, tí mo bá ọmọbìnrin tó ń gbowó sọ̀rọ̀ òjò àti ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì, tó sì ń dá mi lóhùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo jáde tán, mo tún padà wọlé lọ ra búrẹ́dì mìíràn tí mi ò nílò, kí n lè mọ̀ bóyá èèṣì ni ti àkọ́kọ́. Kì í ṣe èèṣì. Búrẹ́dì la jẹ títí ọ̀sẹ̀ yẹn fi parí.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ọba wọn, ìyẹn ò yéé yà mí lẹ́nu. Bàbá kan wà tí mo máa ń lọ tọ́jú láàárọ̀, bíríkìlà ni wọ́n kí ara tó kọ̀. Lọ́jọ́ kan mò ń fá irùngbọ̀n wọn lọ́wọ́ nígbà tí ọba yọ lórí tẹlifíṣọ̀n. Bàbá yìí bá pe ọba lórúkọ, orúkọ lásán, bí ìgbà téèyàn ń pe ọmọọṣẹ́ ẹ̀ kó gbé sìmẹ́ńtì wá. Wọ́n ní, "Wo okùn bàtà ẹ̀. Ó dá mi lójú pé ẹlòmíì ló bá a so ó."

Mo yára wo ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó wọlé wá mú wa.

Mo ní, "Bàbá, ọba yín mà ni."

"Ta ló bi mí kó tó jọba? Fá àgbọ̀n mi, jàre."

Bẹ́ẹ̀, ní òpópónà kan náà, lẹ́yìn ilé mélòó kan, màmá kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ orin ọba, àfi kí n di apá wọn mú kí wọ́n lè dìde dúró. Orúnkún wọn á máa gbọ̀n, wọn ò ní jókòó àfi bí orin bá tán. Mi ò rí ẹni bi pé èwo gan-an nínú àwọn méjèèjì ni òyìnbó.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń húkọ́ nígbà tí mo sọ ọ́ fún wọn lórí fóònù. Takisí ni wọ́n fi tọ́ wa, láàárín Òjóò àti Dùgbẹ̀, kí ẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Ọ̀rọ̀ ọba kì í sú wọn. Bí mo bá ti pè báyìí, kí n tó kí wọn tán, wọ́n á ní, "Ṣé o ti rí i?"

"Ta ni, Bàbá?"

"Ọba wọn."

"Bàbá, ibi tí wọ́n ń gbé jìnnà sí ọ̀dọ̀ mi. Wọn kì í sì í ṣàdédé lọ kí wọn níbí."

"Ẹ̀yin lẹ ò lọ. Ọba wo ni kì í gbàlejò? Ìwọ ṣáà dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu geètì, wàá rí i bí wọn ò bá ní jáde sí ẹ."

Wàsíù tí a jọ ń gbé máa ń gbọ́ gbogbo ẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀. Ọmọ Mọ́kọ́lá ni, oúnjẹ ló ń fi kẹ̀kẹ́ gbé kiri fún àwọn tó bá rà á lórí fóònù. Ẹnu ẹ̀ kì í sinmi. Tí mo bá gbé fóònù sílẹ̀, á na ọwọ́ sókè, á ní, "Kábíyèsí! Ìkòkò tí ẹ fi se ẹ̀wà ààfin ń bẹ níbẹ̀ látàná. Ṣé àwọn ìjòyè ni ẹ fẹ́ kó wá fọ̀ ọ́?"

Bí a ṣe ń gbé nìyẹn. Èèyàn lè rẹ́rìn-ín lójoojúmọ́ kí ọkàn ẹ̀ má balẹ̀. Ní Agbówó, tí mo bá jí, mi kì í rò ó pé ọmọ ibẹ̀ ni mí. Ta ló ń rò ó? Ìyá tó ń ta mọ́ínmọ́ín á ti bá mi wí kí n tó fọnu pé mi ò kí òun dáadáa lánàá. Níhìn-ín, kò sẹ́ni tó ń bá mi wí. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ni ṣáá. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ọpẹ́ yẹn gan-an ló ń dá mi lágara, nítorí àlejò ni wọ́n máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tó yá ni wọ́n rán mi lọ sọ́dọ̀ Màmá Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ojú wọn ti ń ṣú, wọn ò lè kàwé mọ́, ṣùgbọ́n ìtàn ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Ilé wọn kún fún ife. Ife tó lè kún ọmọlanke! Ife tí wọ́n ya ọbabìnrin sí, ife ìgbéyàwó ọmọ ọba, agolo bisikíìtì tí wọ́n ya adé sí, aṣọ ìnuwọ́ tí ojú ọba wà lára ẹ̀. Mo rò pé wọ́n fẹ́ràn ọba kọjá ààlà ni.

Wọ́n ní, "Rárá o. Ti ọba kọ́ ni mò ń kọ. Àwọn tó ń wo ọba ni mò ń kọ ìtàn wọn."

Ó hàn pé wọ́n ti gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ náà láti ìgbà èwe wọn. Wọ́n ti jókòó ti awakùsà, wọ́n ti jókòó ti nọ́ọ̀sì, wọ́n ti bá àwọn tó to tábìlì sójú títì láti ṣàríyá nígbà ìwúyè sọ̀rọ̀, àti àwọn tó ní kí wọ́n gba adé náà kí wọ́n tà á. Àwọn tó ya Màmá lẹ́nu jù ni àwọn tó ní ọ̀rọ̀ ọba ò kan àwọn, tí wọ́n sì ra ife náà. "Kí ni wọ́n ń rà?" Ìbéèrè tí wọ́n fẹ́ kí ìwé wọn dáhùn nìyẹn. Wọ́n ní kí n máa pe àwọn lórúkọ. Mo gbìyànjú. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Ẹni tó dàgbà ju ìyá tó bí mi lọ? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ó dáa, Màmá náà ni."

Iṣẹ́ mi ni kí n po tíì wọn, kí n nu ife wọ̀nyẹn kí n má fọ́ ọ̀kankan, kí n sì máa ka ohun tí wọ́n kọ sára kásẹ́ẹ̀tì fún wọn kí wọ́n lè mọ èyí tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti máa ń bi mí léèrè, tí wọ́n á sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Wọ́n mọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń pe Dùgbẹ̀.

Àárín ìgbà yẹn ni àìsàn kọlu bàbá mi. Èémí wọn ò já gaara. Wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù kan ní Jẹ́ríkò. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Rìsì, gbé fóònù sí wọn létí níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ohùn wọn rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò gbàgbé: "Ṣé o ti rí i?"

Ibi iṣẹ́ ni mo wà. Bàbá bíríkìlà ti ń tẹ aago pé àwọn fẹ́ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Mo ní, "Bàbá, mò ń pè yín padà."

Wọ́n ní, "Kò burú. Gbájú mọ́ iṣẹ́ ẹ."

Láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ni mo ń wá: kí n tún gbọ́ ohùn wọn. Kí n sọ fún wọn pé mi ò tíì rí ọba kankan, kí wọ́n bú mi, kí ọ̀rọ̀ náà parí síbi tó yẹ kó parí sí. Nílé, bí ara bàbá ẹni ò bá yá, ìjókòó ni iṣẹ́ ọmọ. O ò ní láti mọ ohunkóhun ṣe. O kàn máa jókòó síbẹ̀. Èmi tí mo wá mọ̀ ọ́n ṣe, tí mo mọ bí wọ́n ṣe ń yí arúgbó padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ má bàa dégbò, bàbá ẹlòmíì ni mò ń yí. Mo máa ń rò ó bí mo bá na ọwọ́ mi sábẹ́ ẹ̀yìn wọn: ta ló ń yí tèmi báyìí?

Mo pe Àǹtí Rìsì. Wọ́n ní, "Wọ́n ti dá wọn sílẹ̀, a ti gbé wọn wálé. Wọ́n ń sùn."

Mo tún pè. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni o. Wọ́n ní ká kí ẹ."

"Ẹ jí wọn, ẹ jọ̀ọ́."

"Jí wọn kẹ̀? Ẹni tó ń wá oorun? Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

"Ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ?"

"Èmi nìkan ni. Wàsíù ti jáde."

Wọ́n wá ní, "Ó dáa. A jọ máa sọ̀rọ̀."

Nígbà tí mo tún pè lẹ́yìn ìyẹn, mo ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń ké kéwú lẹ́yìn wọn, ohùn ọ̀pọ̀ èèyàn. Mo béèrè. Àǹtí Rìsì ní àdúà ni, wọ́n pe àwọn ààfáà kí wọ́n wá bá Bàbá ṣàdúà àlàáfíà. Inú mi dùn sí i, mo ní mo ṣe àmín. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, tí kò pè mí rí láti ọjọ́ tí mo ti dé ilẹ̀ yìí, pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Wọ́n ṣàdúà fún mi títí, wọ́n ní ọkùnrin ni mí, wọ́n ní kí Ọlọ́run fún mi lọ́kàn akin. Wọn ò sọ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ pè. Mo rò pé bóyá wọ́n fẹ́ béèrè nǹkan ni, tí ojú wá tì wọ́n. Wàsíù pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ìkòkò. Ó fọ tèmi mọ́ tiẹ̀, kò sì pe ẹnikẹ́ni ní kábíyèsí.

Mo mọ gbogbo èyí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. N kò tò wọ́n pọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, oòrùn ràn, èyí tí kò wọ́pọ̀ níbí, mo gbé àga Màmá Ọ̀jọ̀gbọ́n sẹ́bàá fèrèsé. Wọ́n ní kí n fi kásẹ́ẹ̀tì obìnrin kan sí i, èyí tí wọ́n gbà nípa ọjọ́ tí ọbabìnrin àtijọ́ kú. Obìnrin yẹn ń sọ pé òun ń lọ aṣọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, òun wo tẹlifíṣọ̀n, òun rí i pé ẹni tó ń ka ìròyìn ti wọ aṣọ dúdú. "Mo sọ fún ọkọ mi pé ó ti lọ. Ọkọ mi ní wọn ò tíì sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní, 'Wo táì ọrùn ẹ̀.'"

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ̀yin náà máa ń fi pa mọ́!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Fún wákàtí díẹ̀. Tiyín ńkọ́? Báwo lẹ ṣe ń kéde ẹ̀?" Wọ́n na ọwọ́ síbi ẹ̀rọ náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́. "Ṣé mo lè gbà á sílẹ̀?"

Inú mi dùn. Mo gún ìjókòó bí ẹni tó fẹ́ ka ìròyìn. Mo ní, "Nílé wa, a kì í ní ọba kú. Mo kéré nígbà tí bàbá mi mú mi lọ sí ìlú wọn. A dé ọjà, a bá a ní títì pa, lọ́sàn-án gangan. Bàbá mi tẹ̀ sí mi létí, wọ́n ní ọba ti wàjà, wọ́n ní n ò gbọ́dọ̀ fi ẹnu mi pe ikú. Mo ní ta ló sọ fún wọn. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó sọ."

"Tí kò bá sẹ́ni tó sọ, báwo ni aráàlú ṣe ń mọ̀?"

"Ha, Màmá, wọ́n á mọ̀. Ẹ bá ní ẹ fẹ́ rí ọba, wọ́n á ní wọ́n ń sinmi. Ẹ bá padà wá, wọ́n á ní wọ́n ń sùn. Ẹ bá kí ọba, ẹlòmíì ló máa jẹ́ fún yín, á ní ọba ní ká kí yín. Àwọn tí kì í dé ààfin á bẹ̀rẹ̀ sí í dé ibẹ̀. Àwọn tí ẹnu wọn kì í dákẹ́..."

Mo dúró.

Màmá ní, "Ṣé ọba nìkan lẹ ń ṣe é fún?"

"Rárá, Mà. A máa ń ṣe é fún ẹni tó bá wà lọ́nà jíjìn. Wọn kì í sọ ọ́ fún ẹni tó dá wà. Wọ́n á kọ́kọ́ wá ẹni tó máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kó má bàa ṣubú níbi tí kò ti ní sẹ́ni tó máa gbé e." Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ ọ́, ó ń lọ geere, bí ẹni pé ìtàn ìlú kan lásán ló ń sọ.

Màmá tẹ ẹ̀rọ náà pa. Ojú wọn ò ríran dáadáa, ṣùgbọ́n etí ni wọ́n ti fi ṣiṣẹ́ jẹun láti ọjọ́ yìí wá. Wọ́n ní, "Bàbá rẹ ńkọ́?"

Mo ní, "Wọ́n ní wọ́n ń sùn, Mà."

Wọ́n wá ọwọ́ mi títí wọ́n fi rí i. Wọ́n ní àwọn máa pa ohun tí àwọn gbà yẹn rẹ́, pé kò ní wọ inú ìwé kankan. Wọ́n wá ní kí n pe ẹ̀gbọ́n mi lójú ẹsẹ̀, kí n bi wọ́n léèrè.

Mo ní, "Mi ò lè bi wọ́n, Mà."

"Kí ló dé?"

"Tí mo bá bi wọ́n, wọ́n á tún ní láti parọ́ fún mi. Ó ti rẹ̀ wọ́n."

Mo ṣàkíyèsí pé tíì wọn ti tutù, mo dìde, mo lọ po òmíràn.

Nígbà tí mo délé, Wàsíù ń se ìrẹsì. Ó yẹ kó wà níta pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹ̀ nírú àsìkò yẹn.

Mo ní, "O ò ṣiṣẹ́ lónìí?"

"Ara mi ò fẹ́ ẹ."

"Wàsíù."

Ó ń ro ìrẹsì lọ. Ta ló ń ro ìrẹsì bí ẹni ro ẹ̀kọ?

Mo ní, "Nígbà wo ni wọ́n pè ẹ́?"

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀, kò wojú mi. "Ọ̀rẹ́ mi, jọ̀ọ́. Ààfáà àdúgbò ló yẹ kó wá bá ẹ jókòó lọ́jọ́ Àìkú. Àǹtí ní kí n má gbin. Má jẹ́ kí n di ẹni tó sọ ọ́."

"O ò sọ nǹkan kan. Bu oúnjẹ."

A jókòó, a jẹun. Mi ò mọ bó ṣe lọ lọ́nà ọ̀fun mi, ṣùgbọ́n mo jẹ ẹ́ tán, nítorí mi ò fẹ́ parọ́. Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí mo pe Agbówó. Wàsíù gbé àga ẹ̀ sún mọ́ mi, ó fi orúnkún kan tèmi.

Àǹtí Rìsì gbé e. Ohùn tí wọ́n máa ń múra fún mi ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: "Àbúrò mi dáadáa! Wọ́n mà ṣẹ̀ṣẹ̀..."

Mo ní, "Àǹtí Rìsì, Wàsíù wà lọ́dọ̀ mi. A ti jẹun."

Mo gbọ́ tí wọ́n wọ́ àga kan nílẹ̀, mo gbọ́ tí wọ́n jókòó.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹ ti ń sọ ọ́."

Wọ́n bú sẹ́kún. Mi ò gbọ́ irú ẹkún bẹ́ẹ̀ lẹ́nu Àǹtí Rìsì rí, kódà nígbà tí ìyá wa lọ. Ìgbà náà ló yé mi pé wọn ò tíì sunkún, pé nítorí mi ni wọ́n ṣe ń gbé e mì, kí ohùn wọn má bàa há nígbàkígbà tí mo bá pè. Èmi tí wọ́n ń ṣọ́ pé mo máa ṣubú, èmi ni mò ń ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀," bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn tí mò ń tọ́jú. Ẹkún tèmi ṣì wà lókè níbì kan, kò tíì mọ ọ̀nà ilé.

Nígbà tó rọlẹ̀ díẹ̀, wọ́n sọ fún mi. Ọsibítù ni wọ́n ti lọ, lówùúrọ̀, kò pẹ́ sí ìgbà tí mo bá wọn sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Ọjọ́ náà ni wọ́n sin wọ́n, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ṣe là á sílẹ̀. Èrò pọ̀. Àwọn onítakisí Òjóò wá.

Mo ní, "Ta ló wẹ̀ fún wọn?"

"Bàbá Kékeré ni, pẹ̀lú àwọn ààfáà."

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ béèrè. Wàsíù di apá mi mú.

"Ṣé omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́?"

Àǹtí Rìsì fọn imú wọn. Wọ́n ní, "Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, àbúrò mi. Èmi ni mo gbé e kaná. Mo ki ọwọ́ mi bọ̀ ọ́ kí wọ́n tó gbé e wọlé."